Irin Ọ̀tun

Èmi Àkànjí, oníṣẹ́ awọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo mọ̀wé. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì kéwú. Ohun kan ṣoṣo tí n kò gbà láyé mi ni àmì ohùn. Mo máa ń sọ pé ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, kó kà á bó ṣe yé e. Kí ló kàn mí pẹ̀lú ká máa wọ́n àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni wọ́n àgbàdo fún adìyẹ? Agídí yìí ni mo fi kọ ìwé sí Ọ̀gbẹ́ni Jayéọlá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, nígbà tí ọmọ mi fẹ́ lọ sílé ọkọ.

Mọ̀ríámọ̀ ni orúkọ ọmọ náà. Òun ni àbígbẹ̀yìn mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ibà kan dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó mú agbára ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó ń gbóná, ó sì ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Bó bá gbé e sókè, ọmọ ìka á tẹ̀ sísàlẹ̀, á máa wọ́ ilẹ̀. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún méje ni wọ́n ṣe irin fún un ní Ìbàdàn: ọ̀pá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun, bàtà nísàlẹ̀, ìgbànú awọ lókè. Irin náà le gbagidi, kò ní oríkèé kankan ní ọrùn ẹsẹ̀. Ó jẹ́ kó lè rìn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó lè kúnlẹ̀.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ irin náà wálé ni ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji Abdulkareem, yà kí wa. Mọ̀ríámọ̀ dúró gbọọrọ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá." Ojú tì mí. Ọmọbìnrin, ní Ọ̀yọ́, kó dúró kí àgbà! Mo pariwo mọ́ ọn pé, "Ọmọ tí a kò kọ́! Kúnlẹ̀!" Ó wo irin náà, ó wo èmi, ó sì gbìyànjú. Bàtà ta ilẹ̀, ó ré lulẹ̀, ó sì fi àgbọ̀n gbá ẹnu ọ̀nà. Àpá náà wà níbẹ̀ títí di òní, kò ju èékánná lọ.

N kò bẹ̀ ẹ́. Bàbá kì í bẹ ọmọ, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń ṣe gbogbo awọ tó ń wà lára irin rẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà tí wọ́n ń pààrọ̀ irin, bẹ́ẹ̀ ni mò ń pààrọ̀ awọ. Awọ ewúrẹ́ pupa tó rọ̀ jù lọ nínú ìsọ̀ mi, tí àwọn oníbàárà ń bẹ̀bẹ̀ fún, mo ń fi pamọ́ fún ẹsẹ̀ yẹn. Awọ ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì gbà lọ́kàn mi pé kò mọ̀.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìlélógún, Mashood, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣe tíṣà ní Ìrẹsà, wá tọrọ rẹ̀. A fi yìgì sí ọjọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́. Bí a ti ń múra lọ́wọ́, irin àtijọ́ náà dá ní méjì. Mọ̀ríámọ̀ kó o wá bá mi ní ìsọ̀, ó jókòó sórí tìmùtìmù tí mo ń rán lọ́wọ́.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Lọ́jọ́ yìgì mi, mo fẹ́ kúnlẹ̀ gba àdúrà lọ́wọ́ yín tirin-tirin, kí n sì dìde fúnra mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bọ́ irin lẹ́sẹ̀ mi lójú àwọn àna, kí wọ́n wá máa gbé mi bí àpò gàrí."

Mo ní, "A ó rí i ṣe," bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ bí a ó ṣe rí i ṣe.

Awakọ̀ kan ló sọ fún mi nípa Jayéọlá, tó ń ṣe irin ẹsẹ̀ nítòsí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní irin tirẹ̀ kì í ṣe irin ayé àtijọ́. Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí i ní ẹyọ ẹyọ láti òkè òkun, ó ní oríkèé, wọ́n sì ń fi síkírù fà á gùn, wọ́n ń fi síkírù dín in kù. Mo ní Síkírù wo? Orúkọ àbúrò ìyá mi ni mo mọ̀ ọ́n sí. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi sún mọ́ gọ́tà. Mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ Mọ̀ríámọ̀ lé awọ, mo gé awọ náà bó ṣe rí, mo fi okùn wọn ojúgun rẹ̀, mo sì kọ ìwé tì í: "E ba mi se irin otun fun omo mi." Awakọ̀ kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ yìgì ni a lọ gbà á. Ọyẹ́ bo ayé láàárọ̀ ọjọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rí Ọ̀yọ́ nígbà tí a fi í sílẹ̀, a kò sì rí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí a wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ kàn ń lọ nínú funfun. Igi á yọ, á tún pòórá. Mọ̀ríámọ̀ sùn lé mi léjìká, èmi náà sì sùn lọ. Mo lálàá pé gbogbo ẹsẹ̀ tí mo ti rán bàtà fún láyé mi ń kọjá níwájú ìsọ̀ mi, láìsí ẹnì kankan lórí wọn. Wọ́n ń rìn jẹ́ẹ́, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mò ń wá ẹsẹ̀ ọmọ mi láàárín wọn, n kò rí i.

Nígbà tí a wọ ṣọ́ọ̀bù Jayéọlá, mo rò pé n kò tíì jí. Ẹsẹ̀ ló kún ara ògiri. Ẹsẹ̀ funfun, ti ọmọdé, ti àgbà, tí wọ́n fi ẹfun tí wọ́n fi ń di egungun tó dá ṣe, tó sì so kọ́ ní ìlà ní ìlà. Ìyẹ̀fun funfun wà nílẹ̀, ó wà lórí tábìlì, ó wà ní irùngbọ̀n ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ kú ewu ọ̀nà," ni ó wí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìyẹ̀fun náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbé irin jáde. Ó ń dán, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ní oríkèé ní ọrùn ẹsẹ̀ lóòótọ́. Mọ̀ríámọ̀ na ẹsẹ̀ òsì. Ọkùnrin náà dúró.

"Àǹtí, ẹsẹ̀ kejì."

"Èyí náà ni, sà."

"Bàbá, ẹsẹ̀ òsì rèé."

Mo ní, "Mo mọ̀. Èmi ni mo bí i."

"Irin ọ̀tún lẹ ní kí n ṣe, Bàbá." Ó lọ mú ìwé mi wá láti inú dúróò. Mo gbà á, mo kà á sókè ketekete: "Ẹ bá mi ṣe irin ọ̀tun. Ọ̀tun! Irin tuntun!"

"Ó, tí, ú, ẹ́ǹ," ni Jayéọlá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo kà á sí ọ̀tún, Bàbá. Awọ tẹ́ ẹ gé ránṣẹ́, béèyàn bá yí i sódì, òsì á di ọ̀tún. Ìwé yín ni mo fi mọ èyí tó jẹ́."

Mọ̀ríámọ̀ ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Àmì ohùn, Bàbá."

Inú bí mi. Mo bínú sí i, mo bínú sí Jayéọlá, mo bínú sí ẹni tó kọ́kọ́ kọ Yorùbá sórí ìwé. Ẹni tó yẹ kí n bínú sí gan-an ló ń bínú kiri.

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá," ni Jayéọlá wí. "Kò sí èyí tí kò ṣeé tú níbẹ̀." Ó mú sípánà, ó tú bàtà kúrò nísàlẹ̀ irin, ó yí irin náà po kí apá òde lè bọ́ sí ọwọ́ òsì, ó fi bàtà òsì sí i, ó fi síkírù dín ọ̀pá kan kù díẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ó wọ̀ ọ́ fún Mọ̀ríámọ̀, ó ní kó dìde. Mọ̀ríámọ̀ dìde, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ sísàlẹ̀ gbìì, bí ẹni pé kò wọ irin kankan.

Jayéọlá fọwọ́ gbá iwájú orí. "Háà! Ohun tó wà lẹ́yìn ti bọ́ síwájú!" Ó fi hàn mí. Nínú oríkèé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ihò méjì ló wà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Irin kékeré kan tó ń pè ní ìdènà máa ń dúró nínú ihò ẹ̀yìn, òun ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀. Nígbà tó yí irin po, ìdènà bọ́ síwájú. "Ẹ jókòó, Àǹtí, kí n gbé e padà."

Mọ̀ríámọ̀ kò jókòó. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó di èjìká mi mú, ó fi í sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ewé tí kò kánjú. Bàtà kò ta ilẹ̀. Ẹsẹ̀ náà na ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó sùn sílẹ̀. Orúnkún méjèèjì kan ìyẹ̀fun funfun náà.

"Ẹ káàsán, Bàbá," ni ọmọ mi wí.

Mo yíjú sí ògiri. Mo ń wo ẹsẹ̀ tó so kọ́ níbẹ̀, n kò sì rí ọ̀kan nínú wọn, torí omi ti kún mi lójú.

Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde tó gbé ìṣísẹ̀ méjì, ọmọ ìka kọ ilẹ̀, ó ṣubú lù mí. Jayéọlá mi orí. Ó ní, "Ọ̀kan la máa mú, Bàbá. Bí ìdènà bá wà lẹ́yìn, wọ́n á rìn, wọn ò ní kúnlẹ̀. Bí kò bá sí lẹ́yìn, wọ́n á kúnlẹ̀, wọn ò ní rìn."

"Méjèèjì ni mo fẹ́," ni Mọ̀ríámọ̀ wí.

Mo jókòó ti irin náà, mò ń wò ó. Àpò ni mo ti ń rán láti kékeré. Àpò tí kò ṣeé ṣí kì í ṣe àpò, èyí tí kò ṣeé pa kì í ṣe àpò. Okùn tí a ń fà lẹ́nu rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Mo ní, "Jayéọlá, bí a bá dá ihò sí orí ìdènà méjèèjì yìí ńkọ́, tí mo fi okùn awọ kan bọ̀ wọ́n, tí mo fà á gba abẹ́ ìgbànú òkè? Bó bá fẹ́ kúnlẹ̀, kó fà á. Bó bá fẹ́ dìde, kó fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kó tẹ ìdènà padà sínú ihò."

Ọkùnrin náà wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì dá ìdènà padà sẹ́yìn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò. A ṣe é títí di Alásárì. Mo kírun níbẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ funfun wọ̀nyẹn tò sẹ́yìn mi ní sàfù, mo sì gbà pé wọ́n bá mi ṣe àmín. Kí a tó lọ, Mọ̀ríámọ̀ ti kúnlẹ̀, ó ti dìde, ó ti rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó tó ìgbà mẹ́wàá.

Ọjọ́ Sátidé dé. Lẹ́yìn tí lèmọ́mù so yìgì, Mọ̀ríámọ̀ rìn jáde láti yàrá ìyá rẹ̀ wá bá mi lágbàlá, gbogbo èèyàn ń wò ó. Ó dé iwájú mi, ó rọra fa okùn, mo gbọ́ ọ tó dún "kó" lábẹ́ ìró, ó sì kúnlẹ̀. Mo ṣàdúrà fún un. Wọ́n ṣe àmín.

Ó kù kó dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, ó fi í tẹlẹ̀, orúnkún ọ̀tún ṣì wà nílẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ láti tẹ ìdènà. Kò rí i. Ìró lásán ló fi dánra wò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Aṣọ ìyàwó le, ó nípọn, ó sì jẹ́ méjì lórí ara wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá a kiri. Àwọn èèyàn rò pé àdúrà ló tún ń retí. Lẹ́yìn náà ni obìnrin méjì nínú àwọn àna dìde láti wá gbé e.

Mọ̀ríámọ̀ wo irin náà, ó wo èmi. Ojú ọmọ ọdún méje yẹn ni ó fi wò mí.

Mo na ọwọ́ dá àwọn obìnrin náà dúró. Mo ká agbádá mi, mo sì kúnlẹ̀. N kò dọ̀bálẹ̀, n kò lóṣòó. Ìkúnlẹ̀ gan-an ni, bí obìnrin, níwájú ọmọ tí mo bí. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji Abdulkareem, lẹ́yìn mi: "Àkànjí! Kí lò ń ṣe yẹn?" Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, mo rí ìdènà kìíní, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé. Mo rí èkejì. Ojú mi sún mọ́ ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àpá àgbọ̀n yẹn nìkan ni mò ń rí.

Mo ní, "Mọ̀ríámọ̀, jọ̀ọ́. Ti àgbọ̀n yìí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí awọ ti sọ fún mi, Bàbá."

Ó sì dìde fúnra rẹ̀, bó ṣe wí. Èmi ni n kò lè dìde. Orúnkún àgbà le mọ́lẹ̀, n kò rí ibi dì mú. Mọ̀ríámọ̀ fi ẹsẹ̀ irin rẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó sì gbé mi dìde lójú àwọn àna rẹ̀.