Ìmọ́lẹ̀ Kò Tíì Dára

Férémù àwòrán òkè yìnyín kan bá Harold ní àgbárí, gíláàsì rẹ̀ sì fọ́ yángá sí i lọ́rùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá mi," ni Micah àbúrò rẹ̀ wí, ó tún gbé férémù náà sókè, "ẹ má yẹrí."

Bí wọ́n ṣe tọ́ Micah nìyẹn: bí yóò bá tilẹ̀ lu ẹ̀gbọ́n, kó má fojú di í. Harold ṣubú lu àga bàbá wọn. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sára kóòtù onírun tó gbé ti Kánádà bọ̀, irú kóòtù tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde àfi ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bi òun léèrè ibi tí òun ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ló dá ìjà sílẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn yóò sin bàbá wọn, Ògúndèyí, tó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ní Òdogbolú títí tó fi fẹ̀yìn tì. Atẹ̀wé kan ní Ìjagun ti parí ìwé ìkéde ìsìnkú, ojú òkú ló kù. Ayàwòrán sì ni Harold! Ó ti ya odò tó dì gbagidi, ó ti ya igbó tí ìrì dídì bò mọ́lẹ̀, ó ti ya ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń jó lójú ọ̀run níhà àríwá ayé. Nínú gbogbo rẹ̀, ojú bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òjò tó ṣí òrùlé ilé wọn nígbà kan sì ti ba àwọn fọ́tò àtijọ́ jẹ́.

"Èmi kì í ya ènìyàn," ló wí láàárọ̀ yìí. "Ènìyàn a máa ba ilẹ̀ tó lẹ́wà jẹ́. Ẹ lo ti káàdì ìdìbò."

Lórí káàdì ìdìbò, Bàbá jọ olè adìyẹ tọ́wọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Harold kò tilẹ̀ wò ó. Òkè yìnyín rẹ̀ ló gbé kọ́ sí ògiri pálọ̀, níbi tó yẹ kí fọ́tò bàbá wà, kí àwọn àlejò ìsìnkú lè rí ohun gidi wò. Òun ni Micah já lára ìṣó.

Ní báyìí, Micah ti dì í lọ́rùn ẹ̀wù mú.

"Onífọ́tò wo ni Bàbá kò lé nílé yìí? Wọ́n ní, 'Ọmọ mi ni yóò yà mí.' Ẹ wálé níjọ́sí. Bàbá wọ agbádá, wọ́n dé fìlà, wọ́n jókòó lẹ́yìnkùlé. Kí lẹ wí fún wọn?"

Micah gbá Harold létí.

"Ẹ dáhùn, sà!"

"Mo ní... ìmọ́lẹ̀ kò tíì dára."

"Wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú! Ẹ̀yin ti wọlé lọ sùn!"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ta Harold ju gíláàsì lọ. Ó na ọwọ́, ó mú igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi ń gbé kámẹ́rà dúró, ó sì fi gbá Micah lójú. Ó dún pàù. Micah tu eyín kan sílẹ̀, ó wò ó, ó sì fò mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́fun.

"Ìwọ Harold, wàá kú lónìí!"

"Ìwọ" yẹn ló gbé ìyá wọn, Ojúọlá, kúrò ní kíṣìnì. Ó ti ń gbọ́ ariwo tipẹ́. Àfi ìgbà tó gbọ́ "ìwọ" ló tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ para wọn. Ó gba igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó là á mọ́ Harold lẹ́yìn, ó là á mọ́ Micah léjìká. Wọ́n tú ká. Ó wo ojú Micah, ó sì ká ọwọ́ lórí.

"Yéè! Ẹ ti ba ojú bàbá yín jẹ́!"

"Ojú mi ni, Màmá," Micah kérora.

"Èwo ni tìrẹ níbẹ̀? Ta ni kì í pè ọ́ ní Ògúndèyí kékeré? Mo ti lọ agbádá wọn sílẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ kí o wọ̀ ọ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ yà ọ́, ká fi ṣe fọ́tò wọn."

Ràmọ́tà tó ń ta omi dídì lódìkejì ọ̀nà ti sáré wọlé. "Ẹ bu àtíkè sí irun rẹ̀," ló wí, "kò ní í sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó wú bí àgbálùmọ̀ yìí ńkọ́?"

Ó padà lọ, ó sì gbé omi dídì kan wá nínú ọ̀rá. Harold ló gbà á. Ó ní kí àbúrò òun dùbúlẹ̀, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká a sí i lábẹ́ orí, ó jókòó sílẹ̀ láàárín àfọ́kù òkè yìnyín, ó sì gbé omi dídì náà lé ojú tó wú. Òtútù rẹ̀ mú ọwọ́ Harold kú tipiri. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ yọ wọlé láti ojú fèrèsé, ó tàn sára agbádá tó wà lórí àga.

"Ẹ rọra, Bọ̀ọ̀dá mi." Micah la ojú kan. "Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́?"

Harold wo kámẹ́rà rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ìmọ́lẹ̀ dára," ló wí. "Ojú rẹ ni mò ń dúró dè."

Ó pààrọ̀ ọwọ́ tó fi di omi dídì náà mú.