Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agbada Ìyá Àzíìz

"Ẹ gbé ṣíbí yẹn wá, Mọ́mì. Ẹ jókòó díẹ̀."

Ìyá Àzíìz kò jiyàn. Ó na ṣíbí oníhò náà sí Límátù, ó fìdí lé kéègì òróró, ó sì ń fọwọ́ ra èjìká tó ti ń dùn ún látìgbà tí ọ̀kadà ti gbé e ṣubú lọ́nà Odigbo.

Ìdí agbada yìí ni iṣẹ́ máa ń há sí nílé iṣẹ́ ìpékeré tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Ore. Àwọn kan á ti bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ á ti gé e, á wá gun orí ara wọn níwájú Ìyá Àzíìz tó ń dín in. Límátù tó ń di ìpékeré sínú ọ̀rá á káwọ́ lẹ́rán, á máa retí.

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Oyèlọlá, ló pàṣẹ pé kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ máa ran ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn lọ́wọ́. Inú Límátù dùn sí i. Ìyá Àzíìz ló mú un wọ ibẹ̀ nígbà tí ọkọ Límátù kú. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi ń lọ geere.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Límátù gba ṣíbí yẹn, ọ̀gá tó ti ń wò wọ́n láti àárọ̀ pe Ìyá Àzíìz.

"Mọ́mì, ẹ máa lọ sinmi nílé. Mo ti rí i pé Límátù lè dá iṣẹ́ ẹ̀yin méjèèjì ṣe."

Límátù sáré dé. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ ní ká máa ṣe é."

"Mo mọ̀. O sì ṣe é dáadáa."

Ìyá Àzíìz bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Límátù fẹ́ bá a gbé báàgì, ìyá náà já a gbà.

"Fi í sílẹ̀. O ti ràn mí lọ́wọ́ tó."

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Límátù nìkan ló ń sáré láàárín agbada àti ọ̀rá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tún ti gun orí ara wọn. Miracle, ọmọbìnrin kan tó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì sún mọ́ ọn.

"Àǹtí, ọwọ́ mi dilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá yín kó èyí tó ti jinná."

Límátù gbójú sókè. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

"Padà sídìí iṣẹ́ rẹ," Límátù sọ fún Miracle.

"Ó máa jóná o, Àǹtí."

"Jẹ́ kó jóná."