Fìlà Orí Wáyà

Ní ilé Alhaja Mùtíátù ní Ìsàlẹ̀ Gángan, ohun tuntun kì í bọ́ra. Ọ̀rá ilé ìtajà ṣì wà lára àga àti rìmóòtù, kí eruku má baà bà wọ́n jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Àbídèmí, ọmọ rẹ̀, ra wáyà tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn láti inú kọ̀ǹpútà lọ sínú sípíkà ńlá, kò ṣí fìlà rọ́bà tó dé wáyà náà lórí.

Ohùn Alhaji, bàbá Àbídèmí tó ti di olóògbé, tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ló wà nínú kọ̀ǹpútà. Etí Alhaja sì ti wúwo. Sípíkà yẹn nìkan ló lè mú un gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀.

Àbídèmí tẹ kọ̀ǹpútà. Sípíkà dákẹ́ rọ́rọ́.

“Ọkọ mi kì í dákẹ́ báyìí,” ni Alhaja wí. “Kí lo fi dí i lẹ́nu?”

Àbídèmí yọ wáyà. Ihò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ń tàn pupa, ṣùgbọ́n fìlà rọ́bà ṣì bo orí wáyà.

“Fìlà yìí ló dí ìmọ́lẹ̀ lójú, mà. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i.”

“Eruku ńkọ́?”

“Ẹ yan ọ̀kan, eruku tàbí Alhaji.”

Alhaja rò ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. “Ó dáa, ṣí i.”

Àbídèmí ṣí fìlà náà, ó sì ki wáyà padà. Ohùn Alhaji gba gbogbo pálọ̀: “Mùtíátù, ìgbà wo lo máa bọ́ ọ̀rá kúrò lára àga yìí? Ó ń jó mi nídìí.”

Alhaja nu omijé ojú rẹ̀, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rá àga ya.