Igi Obì Ẹ̀yìnkùlé

Ẹnu mi yìí ló ṣe mí. N kò lè purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọdún tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ni ọkọ mi kú ní Ìmùṣin. Àbúrò rẹ̀, Ṣàngóbíyì, ní òun yóò ṣú mi lópó. Mo ní kàkà kí n sùn ti ọkùnrin tó ń hanrun bí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, mà á kúkú dá sùn. Ẹjọ́ dé iwájú àwọn àgbà abúlé. Wọ́n ní kí n máa gbé yàrá mi, kí n máa tọ́ Àmọ̀kẹ́, ọmọ mi ọdún mẹ́ta, kí Ṣàngóbíyì má yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n igi obì ẹ̀yìnkùlé, tirẹ̀ ni.

Igi obì wo? Èyí tí ọkọ mi gbìn, tó ní tèmi ni? Mo ní ó di ọ̀dọ̀ Òṣùgbó, ìgbìmọ̀ àgbà tí ẹjọ́ wọn ju ti abúlé lọ, l'Óde, olú ìlú wa.

Fálẹ́yẹ, ẹ̀gbọ́n mi, wá láti ilé bàbá wa l'Áyépé. Ó ní, "Ìyá Àmọ̀kẹ́, èyí tí wọ́n fún ọ yẹn, dì í mú. O ò mọ ohun tí ará Òde máa sọ."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ń bà yín ni? Bí abúlé bá fún mi ní yàrá, Òde á fún mi ní igi. Mo ti jàre tán!" Mo tiẹ̀ ti hun agbọ̀n tí n ó fi kó obì.

L'Óde, mo rojọ́ títí ọ̀fun mi gbẹ. Gbólóhùn kan ni Ṣàngóbíyì sọ: "Mo fẹ́ ṣú u lópó, ó kọ̀."

Àgbà kan tí kò mọ̀ mí rí ní opó tó bá kọ ẹbí ọkọ, ilé bàbá rẹ̀ ló ń padà sí, ọmọ a sì máa gbé ilé bàbá tirẹ̀.

Mo ké, "Ẹjọ́ igi obì ni mo gbé wá o!"

Wọ́n ní gbogbo ẹjọ́ náà ni mo gbé wá.

Yéè! Àṣé àánú ni àwọn ará Ìmùṣin ṣe fún mi, èmi ń pè é ní ẹ̀tọ́.

Ọdún kẹta rèé l'Áyépé. Fálẹ́yẹ kò bú mi rárá, ìbá sì sàn kó bú mi. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ tẹ ilé Ṣàngóbíyì mọ́, ni mo bá lọ dúró de ọmọ mi lọ́jà Ìmùṣin. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀, ìyá mi ń pè mí."

Ìyàwó Ṣàngóbíyì ló ń pè é. Mo fi í sílẹ̀.