Àkọ́sórí Ẹnu Ìyá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹsẹ Bíbélì ṣe ń di òkò, kó wá wo Tẹjúmọ́lá àti Olúwagbénga àbúrò rẹ̀. Ilé ìyá wọn ní Ìwó ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lu ara wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Obìnrin onítẹ̀bọmi ni Tẹjúmọ́lá. Ìjọ aláṣọ funfun ni Gbénga ń lọ. Gbénga gbé omi àdúrà wá fún ìyá, ẹ̀gbọ́n ní ìbọ̀rìṣà ni. Bí ẹ̀gbọ́n bá yọ ẹsẹ kan, àbúrò á yọ méjì. Ìyá yìí kan náà ló sì kọ́ wọn ní gbogbo ẹsẹ náà ní àkọ́sórí nígbà èwe wọn.

Ohùn ìyá ṣì já gaara. Àràárọ̀ ló ń ka àkọ́sórí tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Tẹjúmọ́lá ń fẹ́: kí ìyá gbé ọwọ́ lé òun lórí, kó súre fún òun kó tó dágbére fáyé. Ìyá ní ó di ọjọ́ tí àwọn ọmọ méjèèjì bá jọ kúnlẹ̀.

Ràhámọ̀tù aládùúgbò ló kọ́kọ́ fura. Ó gbé ẹ̀kọ mímu wá láàárọ̀, ìyá ń ka àkọ́sórí lọ. Nígbà tó yá, ètè ń mì, ohùn ò jáde. Ohùn tún dé, ó tún lọ. Ràhámọ̀tù fa Tẹjúmọ́lá síta.

"Ibi tí ohùn wọn ti ń lọ yẹn, ẹsẹ tí ẹ̀yin àti Gbénga ń pariwo lánàá ni. Mo gbọ́ ọ láti ilé mi. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá yín o!"

Tẹjúmọ́lá fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tẹ́tí sí àkọ́sórí ìyá. Gbogbo ẹsẹ tí òun fi gún Gbénga ti lọ pátápátá. Èyí tí Gbénga fi dáhùn náà ti lọ.

Lọ́sàn-án, Gbénga wọlé láìwọ bàtà, kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ tí yóò pa á lẹ́nu mọ́ ti wà lórí ahọ́n Tẹjúmọ́lá. Ó bojú wo ibùsùn. Ìyá tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì fi ọwọ́ kan tí àrùn ò mú bo ẹnu ara rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já àkàrà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ba Tẹjúmọ́lá gan-an. Ó gbé ẹsẹ náà mì.

"Gbénga, kí ló mú ọ gba omi yìí gbọ́? Mi ò bá ọ jà. Mo fẹ́ mọ̀ ni."

Gbénga wò ó bí ẹni tó rí pàkúté. Nígbà tó yá, ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí gìrì mú àkọ́bí mi, àwọn wòlíì ló dúró tì mí títí ó fi lajú. Ẹ̀yin ò wá."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tẹjúmọ́lá lákínyẹmí ara. "Mi ò wá lóòótọ́. Mi ò tíì gbà pé omi ló ṣe é o. Ṣùgbọ́n ìbọ̀rìṣà tí mo pè é, kò yẹ kí n sọ ọ́. Má bínú."

"Èmi náà sọ̀rọ̀ kọjá àyè mi. Ẹ jọ̀ọ́, ma."

Wọ́n jọ kúnlẹ̀. Ìyá gbé ọwọ́ kan náà lé Tẹjúmọ́lá lórí.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, Olúwa á…"

Ohùn lọ. Ètè ń mì, ó ń mì, omijé ń bọ́ lójú ìyá, ó ń súre tọkàntọkàn. Wọ́n dúró, bóyá ọ̀rọ̀ kan á kù tí àwọn ò tíì fi jà. Ẹyọ kan ò jáde. Nígbà tí ètè náà dákẹ́, àwọn méjèèjì ṣe àmín sí ohun tí wọn ò gbọ́.