Ẹni Tó Gbé Síkírù Sáyà

Oyún oṣù méje ni mo fi bí Síkírù. Àwọn tó gbẹ̀bí rẹ̀ wo ara wọn, wọ́n ní kí n má tíì ronú orúkọ. Kò ju ọmọ ológbò lọ. Orí àkéte ni mo wà, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára mi, mi ò lè gbé ọwọ́ sókè. Àbúrò mi Ọmọ́níkẹ́, tí kò tíì lọ́kọ nígbà náà, ló tú bùbá rẹ̀, ó fi òwú wé ọmọ, ó gbé e sáàárín ọyàn, ó sì fi ọ̀já dì í mọ́ àyà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jẹun, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sùn ní ìjókòó, títí ara ọmọ fi le. Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló bí Síkírù, mo máa ń ní àwa méjèèjì ni.

Síkírù yè, ó dàgbà ní Mushin níbí, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kì í gbé ojú kan. Á já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ kí o tó parí. Á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á fi í sílẹ̀ gbé òmíràn. Bí ọ̀rẹ́ bá dé, kì í pẹ́ bínú lọ, torí Síkírù ṣèlérí, kò sì yọjú. Kì í ṣe ìkà. Kò sí ẹni tó lawọ́ tó o. Nígbà tó di géńdé, ọjà Ládìpọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta irin mọ́tò, ló bá a lára mu: ariwo ni níbẹ̀, ìsáré ni, á sì wo irin lókèèrè, á sọ ọkọ̀ tí wọ́n ti tú u. Dókítà kan sọ fún mi pé àwọn tí oṣù wọn ò pé máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn títí dàgbà, pé kì í ṣe orí kunkun. Mo sọ ọ́ fún Ọmọ́níkẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí èmi ni mo gbé e. Mo mọ̀ ọ́n."

Ọkọ Ọmọ́níkẹ́ kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àwa Mùsùlùmí, òkú wa kì í sùn. A rán Síkírù sí Makoko kó lọ pe Ọláyíwọlá, ẹ̀gbọ́n òkú. Ó dé Yábàá, ó rí àwọn tó ń tú ẹ́ńjìnì lẹ́bàá títì, ó dúró, ó bá wọn tú u. A retí, a retí. Wọ́n sin òkú kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀gbọ́n kò sì rí ojú àbúrò rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí Síkírù dé tó rí èrò nílé ló tó rántí. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú epo lọ́wọ́, ó ń sunkún.

Ọmọ́níkẹ́ fà á dìde. "Kò burú, ọmọ mi. Bí o ṣe rí nìyẹn."

A jọ sọ fún ẹbí ọkọ pé mọ́tò ló bàjẹ́ lọ́nà. Àwa mẹ́ta la mọ òótọ́ ibẹ̀.

Ọdún tí wọ́n fagi lé ìbò ni Síkírù mú Saidat wálé. Tíṣà ni ní Yábàá, ọmọ Ìjẹ̀bú, bàbá rẹ̀ ń gbé Surulere.

"Ìyá, ọmọ yín fi mí sílẹ̀ ní Costain lánàá, ó ní òun fẹ́ ra ẹ̀pà."

"Ṣé ó padà?"

"Ó padà. Kò mú ẹ̀pà dání." A rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣe pàtàkì, mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, màá ní kó tún un sọ fún mi." Ọkàn mi balẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì ro irú rẹ̀ rí fún ọmọ mi.

Ó wá ku ìwádìí. Kí wọ́n tó fa ọmọbìnrin lé èèyàn lọ́wọ́, ilé rẹ̀ á rán ẹnì kan jáde láti bèèrè bóyá wèrè tàbí olè wà ní ìdílé ọkọ. Wọn kì í bi ìyá ọkọ, ẹbí ni wọ́n máa ń bi. Mo lọ bá Ọmọ́níkẹ́ ní ìsọ̀ rẹ̀, níbi tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnì.

"Wọ́n á wá. Ìwọ ni mo ní kí wọ́n bi."

"Kí ni kí n wí?"

"Ohun tó o mọ̀ ni kó o sọ. Ta ló mọ ìwà rere rẹ̀ tó ọ?"

Ọláníkẹ́ alárenà ló mú èsì wá. Kò jókòó.

"Ìyá Síkírù, ẹ má bínú. Wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́."

"Kí la ṣe?"

"Wọ́n ní oṣù ọmọ ò pé, orí rẹ̀ náà ò pé. Wọ́n ní ẹni tí a rán nítorí òkú tó lọ ń tú ẹ́ńjìnì, ṣé òun làwọn á fa ọmọ lé lọ́wọ́?"

 Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé oṣù rẹ̀ ò pé. Ti ẹ́ńjìnì ńkọ́?

Ọmọ́níkẹ́ ń kó bọ́tìnì sínú ọ̀rá nígbà tí mo dé. Kò gbójú sókè.

"Ṣé ìwọ lo sọ ọ́?"

"Ẹ ní kí n sọ ohun tí mo mọ̀."

"Ìwọ lo ní kò burú."

"Kí lẹ fẹ́ kí n wí nílé ọ̀fọ̀? Ọláyíwọlá ò kí mi títí dòní. Ó ní mo kánjú bo àbúrò òun mọ́lẹ̀ kí òun má bàa bèèrè ohun tó pa á. Síkírù ti gbàgbé. Ẹ̀yin náà ti gbàgbé. Èmi nìkan ló kù fún."

"O ò bá ti sọ fún mi, ǹ bá lọ kúnlẹ̀ fún Ọláyíwọlá. O wá dúró títí ayọ̀ ọmọ yìí fi bọ́ sí ọ lọ́wọ́."

"Ṣé mo parọ́ ni?"

Kò parọ́. Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Ọ̀tá ì bá parọ́ mọ́ ọn, ǹ bá rí ohun jà lé lórí.

Wọ́n kó Saidat lọ sílé àǹtí rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, wọ́n sì fi í fún ọkọ mìíràn. Síkírù sunkún bí ọmọdé. Mo sọ ẹni tó ṣe é fún un, ó nu ojú, ó gba Ládìpọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, Ọmọ́níkẹ́ gbé abọ́ ẹran wá. Síkírù fò dìde. "Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n ra mínírà tútù fún yín." Ó sáré jáde.

A jókòó, àwa méjì. A retí rẹ̀ títí.

"Kò bínú sí mi," Ọmọ́níkẹ́ wí.

"Òun ni kò bínú."

"Ṣé ó ṣì ń bọ̀ báyìí?"

"O mọ bó ṣe rí. Ṣebí ìwọ lo ṣàlàyé fún wọn."

Ó dìde. Láti ìgbà tó ti lọ sílé ọkọ, bó bá wá kí mi, mo máa ń sìn ín dé títì. Lọ́jọ́ náà, mi ò kúrò lórí ìjókòó.

Ìgbà tó ṣe, Síkírù wọlé pẹ̀lú ìgò. Mínírà náà ti gbóná.

"Àǹtí dà?"

"Ó ti lọ."

Ó yí padà, ó sáré tẹ̀ lé e. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú títì, ó ń ké pe Àǹtí, kó dúró de òun. Mo pín ẹran náà fún àwọn ará ilé. Èmi ò fi kan ẹnu.