Ìlà Kan Ṣoṣo Tí Ọládòṣù Kà

Tó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ni irọ́, èyí tó wà lẹ́nu Ọládòṣù mẹkáníìkì nìkan ì bá gbé gbogbo tírélà ilẹ̀ yìí láti Ṣógúnlé dé Sókótó, kó sì tún ṣẹ́ kù tí wọ́n á fi din àkàrà. Òun ló ní òun máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù òun fi imú gbóòórùn ẹ́ńjìnì tó ń ṣàìsàn ní Mafolúkù. Òun ló fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú bàtà Sherifdeen dírẹ́bà, tí Sherifdeen fi fò, tó kù díẹ̀ kó bá ọkọ̀ òfúrufú pàdé lókè. Kó tó la ẹnu ni àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí, ẹ wo Ọládòṣù tó ń gba ẹ̀yìnkùlé onílé, tó ń fo gọ́tà bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé, torí kó má bàa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Àjíbíkẹ́ kọjá. Ojú ló ń tì í.

Àǹtí Àjíbíkẹ́ ló ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Ọládòṣù ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ọmọ Ìsẹ́yìn, kì í báni fa ọ̀rọ̀. Lọ́dún tí ìjì gbé àtíbàbà Ọládòṣù lọ, iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ní kó kó irinṣẹ́ sí, odidi oṣù mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ilésanmí, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po ọ́ìlì ní Ìsọlọ̀, gbé ọkọ̀ wá. Ọládòṣù bi í bí èèyàn ṣe lè mọ ojúlówó síńtẹ́tíìkì.

"Nínú gálọ́ọ̀nù kan," ni Ẹ̀gbọ́n Ilésanmí wí, "ọ́ìlì ìpìlẹ̀ ló pọ̀ jù, ìyókù oògùn ni. Ìpìlẹ̀ ọ̀hún lè jẹ́ epo rọ̀bì tí wọ́n fọ̀, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi gáàsì mọ bí ẹni mọ ìkòkò; ìyẹn gan-an ni síńtẹ́tíìkì. Ilé-iṣẹ́ kì í sábà sọ èwo ni. Àfi kéèyàn wá ìwé tí wọ́n fi júwe ọ́ìlì náà, kó fojú sí i. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ bí òtútù ṣe máa mú tó kí ọ́ìlì náà tó kọ̀ láti ṣàn. Èyí tí wọ́n fi gáàsì mọ máa ń fara da òtútù gan-an. Ṣùgbọ́n o—"

Ọládòṣù ò gbọ́ "ṣùgbọ́n". Bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ náà nìyẹn, kó tó sá kúrò nílé-ìwé ní kíláàsì kẹta.

Ó lọ bá àwọn oníkọ̀ǹpútà, wọ́n tẹ ìwé méjì jáde fún un: ti ọ́ìlì tó rọ sínú ọkọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ilésanmí, àti ti èyí tí Àǹtí Àjíbíkẹ́ ń tà. Ó wá ìlà òtútù. Èkíní, mẹ́rìnléláàádọ́ta lábẹ́ òdo. Ti Àǹtí, mọ́kàndínlógójì péré. Ó ti mú olè! Ó gun orí ògbólógbòó ẹ́ńjìnì kan lójú gbogbo àwọn dírẹ́bà, ó na ìwé sókè.

"Ẹ gbà mí o! Síńtẹ́tíìkì tí òtútù ń pa bí adìyẹ tó wọ inú òjò! Epo rọ̀bì lásán ni wọ́n ń tà fún yín! Àǹtí, ẹ kúkú bá wa wá ẹ̀wà, ká fi ọ́ìlì yín jẹ ẹ́!"

Ẹ̀rín bú. Sherifdeen ṣubú lórí bẹ́ńṣì. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Àjíbíkẹ́ di "Ilé Ẹ̀wà".

Àǹtí kàn bi í pé, "Ọládòṣù, ṣé o ka ìwé yẹn tán?"

"Mo kà á lọ, mo kà á bọ̀!"

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn dírẹ́bà tó ń ti Ìsọlọ̀ bọ̀ ti yí padà lọ́dọ̀ Àǹtí. Wọ́n á fọn fèrè, wọ́n á pariwo "Ilé Ẹ̀wà!", wọ́n á sì kọjá. Eruku bo gálọ́ọ̀nù débi pé èèyàn lè gbin àgbàdo sórí wọn.

Lánàá, Ẹ̀gbọ́n Ilésanmí padà wá. Ọládòṣù na ìwé méjèèjì sí i, ó fẹ́ kó yìn ín. Ẹ̀gbọ́n wò wọ́n títí.

"Kí ni wọ́n kọ sókè èyí?"

"5W-30."

"Èyí ńkọ́?"

"20W-50."

"Èkíní ṣàn bí omidùn, èkejì ki bí ẹ̀kọ. Ìwọ wá fi omidùn wé ẹ̀kọ? Ọ́ìlì tó ki tó báyìí, tó ṣì fara da òtútù mọ́kàndínlógójì, epo rọ̀bì lásán ò lè ṣe é. Ó yá, wo ooru tó ń fara dà kó tó gbaná. Wo bí kì í ṣe tètè dẹ̀ tí ẹ́ńjìnì bá gbóná. Ìwé kì í ṣe ìbúra o, àbá lèèyàn ń dá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n dá àbá, màá ní èyí tí wọ́n fi gáàsì mọ ló pọ̀ nínú ẹ̀. Àbí o ti sọ nǹkan mìíràn fún ẹnikẹ́ni?"

"Rárá o."

Irọ́ yẹn ló kúrú jù nínú gbogbo irọ́ tí Ọládòṣù ti pa láyé. Òun náà ló wúwo jù. Ó gbé e sùn, ó gbé e jí. Ihò abẹ́rẹ́ tóbi jù fún un láti sá pamọ́ sí.

Ìdí rèé tó fi ń fo gọ́tà. Gọ́tà kẹrin ló fò tó fi bá Àǹtí Àjíbíkẹ́ pàdé, korobá omi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọládòṣù, ṣé ọ̀nà iwájú ti dí ni?"

"Àǹtí, mo ṣi ìwé yẹn kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ẹ̀yìnkùlé kọ́ lo ti bú mi."

Ó lọ sí iwájú. Kò gun orí ẹ́ńjìnì lọ́tẹ̀ yìí. "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣi ìwé kà. Ọ́ìlì Àǹtí dáa. Èmi ni mi ò mọ̀wé."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ó tún ti dé!" Sherifdeen kígbe. "Ẹ yẹ inú gálọ́ọ̀nù wò o, ó ti fi ọ̀pọ̀lọ́ síbẹ̀!"

Ó búra, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tún búra, ẹnì kan di ikùn mú. Àǹtí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọládòṣù tí ìka kan ṣoṣo ló fi ń kanlẹ̀ kí bàbá tó bí i lọ́mọ wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń mu ọ́ìlì dúdú láti ọdún mẹ́wàá; gbogbo rẹ̀ wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọrùn rẹ̀. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kò dìde. Ẹ̀rín ń jò lọ díẹ̀díẹ̀ bíi táyà tí ìṣó gún, títí ó fi tán.

"Ẹ̀gbọ́n Ọládòṣù," Sherifdeen wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó ti tó. Ẹ dìde."

Àǹtí Àjíbíkẹ́ gbé ìwé tó júwe ọ́ìlì tirẹ̀ wá. "Dìde, kó o kà á fún wọn. Láti òkè dé ìsàlẹ̀."

Àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó tó wà níbẹ̀ gùn ju rélùwéè lọ. Ogún ọdún ni Ọládòṣù ti fi àwàdà bo ọ̀rọ̀ gígùn mọ́lẹ̀. Ó kọsẹ̀ lórí ìkíní, ó padà sẹ́yìn, ó tún un mú. Òógùn ń kán sórí ìwé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín; ìyẹn ló dùn ún jù. Nígbà tó dé ìlà òtútù mọ́kàndínlógójì yẹn, ó dúró.

"Má dúró," ni Àǹtí wí. "Ó ku ìlà méje."